Abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà àti àrùn MS: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ní Kàbà

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, Kàbà ni mo sì fìdí kalẹ̀ sí. Àbúrò mi obìnrin, aránṣọ ni, ní àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní MS. Láti ìgbà tó ti ń lọ sí Àbújá kí wọ́n máa gún un ní abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà, tí wọ́n ń pè ní acupuncture, bí mo bá jáde lọ sọ́jà, ẹnì kan á ṣáà dá mi dúró. Àwọn kan ń wá láti Ìyàrà àti Mọ̀pà, àwọn mìíràn ń pè mí lórí fóònù láti Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń bi mí, ni mo bá jókòó, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í rọ́pò dókítà yín.

Kí ni MS gan-an?

Multiple sclerosis ni orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́. Ẹ wo wáyà iná inú ilé. Kọ́pà wà nínú, rọ́bà bò ó lórí. Àwọn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ sí ọwọ́, ẹsẹ̀, ojú àti àpò ìtọ̀ náà ní ìbora bẹ́ẹ̀; myelin ni àwọn dókítà ń pè é. Nínú àrùn yìí, àwọn ọmọ ogun ara, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá kòkòrò àrùn jà, á ṣi ìbora yìí mú fún ọ̀tá, wọn á sì máa họ ọ́ bí èkúté ṣe ń họ wáyà jẹ nínú àjà. Ibi tí wọ́n bá họ á di àpá. Inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ni àpá náà máa ń wà. Dókítà Faransé kan, Jean-Martin Charcot, ló ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké ní 1868, àpá yẹn ló sì fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ibi tí àpá bá wà ló ń sọ irú ìyọnu tí èèyàn á rí. Ojú ẹlòmíràn kan á ṣú, á sì máa dùn ún bó bá yí i. Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn á gan. Ẹlòmíràn á tẹrí ba, nǹkan bí iná mànàmáná á sáré gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ó lè lọ fún oṣù mélòó kan, kó tún padà wá. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lára nǹkan bí ènìyàn 85 nínú 100 nìyẹn.

Ti àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Léèsì funfun ló ń rán fún ìnáwó kan, ló bá rí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Ó bínú sí àwọn ọmọ iṣẹ́, ó ní kí wọ́n na ọwọ́ wọn kí òun rí ẹni tó ṣèṣe. Ọwọ́ gbogbo wọn mọ́. Ọmọ kan ló tọ́ka sí i pé, "Àǹtí, ọwọ́ yín ni." Abẹ́rẹ́ wà nínú ìka ìfábẹ̀là rẹ̀, ó dúró ṣánṣán níbẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n lára rárá.

Ṣé àrùn òyìnbó kọ́ ni?

Àwọn òyìnbó tí ń gbé níbi tí òtútù wà ló ń ní in jù, òótọ́ ni. Ní 2020, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn bíi mílíọ̀nù 2.8 ló ní in káàkiri ayé. Obìnrin tó ní in tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ọkùnrin, láàárín ogún ọdún sí ogójì ló sì máa ń sábà bẹ̀rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n a kò lè rí ohun tí a kò yẹ̀ wò: ẹ̀rọ MRI ló ń fi àpá inú ọpọlọ hàn, ènìyàn mélòó ní ilẹ̀ Okun ló sì rí owó rẹ̀ san?

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti farabalẹ̀ nìyí. Oríṣiríṣi àìsàn ló fara jọ MS. Ìwọ̀n fítámìn B12 tó lọ sílẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ eegun ẹ̀yìn lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Ìbàdàn, ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Òṣuntókun ṣèwádìí nípa àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kú, tí wọ́n ń ta gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́, tí ojú wọn ń ṣú, ó sì so ó mọ́ májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Àwa tí à ń jẹ gààrí àti láfún, kò yẹ kí á gbàgbé ìyẹn. Àìsàn kan tún wà tí wọ́n ń pè ní neuromyelitis optica, tó jọ MS bí ìbejì, àwa aláwọ̀ dúdú sì wà lára àwọn tó ń mú jù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi púpọ̀ nínú rẹ̀ hàn. Ó ṣe pàtàkì nítorí pé àwọn oògùn MS kan máa ń mú un le sí i ni. Nítorí náà, kí ẹ tó wá abẹ́rẹ́ ará Ṣáínà lọ, ẹ jẹ́ kí dókítà ọpọlọ àti iṣan sọ orúkọ ohun tó ń ṣe yín ná.

Wọ́n ní àfọwọ́fà ni, wọ́n ní wọ́n ta ọfà sí i ní ẹsẹ̀ ni.

Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún wa náà. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin la fi ń lọ láti ilé kan dé òmíràn kí a tó rí dókítà tó mọ̀ ọ́n. Ní gbogbo àkókò yẹn, àrùn náà ń họ wáyà lọ. Ẹ máa gbàdúrà, èmi náà ń gbà á. Ẹ ṣáà máa gbà á lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Irú abẹ́rẹ́ wo ni? Oògùn wo ló wà nínú rẹ̀?

Èdè wa ló ń da ìbéèrè yìí rú. Abẹ́rẹ́ ni a ń pe ti aránṣọ, abẹ́rẹ́ náà ni a ń pe ti nọ́ọ̀sì tó ń ti oògùn wọ inú ara. Èyí tí mò ń sọ kò ní ihò nínú, kò sì sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Irin lásán ni, tín-ín-rín, ìnípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 0.25 mìlímítà lọ. Bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, á tẹ̀. Acupuncture ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Wọ́n á fi í sí àwọn ojú ibi kan lára, á wà níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, wọ́n á sì yọ ọ́.

Ṣé kì í ṣe gbẹ́rẹ́ ni wọ́n fún lórúkọ tuntun?

Rárá o. A máa ń fi abẹ ya ara fún gbẹ́rẹ́, a sì máa ń ra ẹ̀tù sí ojú rẹ̀. Níbí, wọn kì í ya ara, wọn kì í ra nǹkan kan sí i. Àmọ́ ewu kan pa àwọn méjèèjì pọ̀: irin tí wọ́n fi kan ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n lò fún ẹni kan tí wọ́n tún lò fún yín lè kó àrùn ẹ̀dọ̀ tàbí kòkòrò HIV ràn yín.

Kí ni àwọn ará Ṣáínà gbà pé ó ń ṣe nínú ara?

Wọ́n ní agbára kan ń ṣàn káàkiri ara, qi lorúkọ rẹ̀, ó sì ní ipa ọ̀nà méjìlá pàtàkì tó ń gbà. Bó bá dí níbì kan, àìsàn dé. Abẹ́rẹ́ ló ń ṣí ibi tó dí. Ìmọ̀ yìí ti lé ní 2,000 ọdún lọ́wọ́ wọn, UNESCO sì fi í sára àwọn ogún ìbílẹ̀ ayé ní 2010. Nínú ìwé wọn, kò sí orúkọ MS. Ẹsẹ̀ tó rọ, ẹsẹ̀ tó gan, ọ̀rinrin àti ooru inú ara ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì ń tọ́jú ẹni kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe bá a.

Kò sí ẹni tó la ara tó rí ipa ọ̀nà wọ̀nyẹn. Ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí ni pé abẹ́rẹ́ náà ń ta iṣan jí, ọpọlọ á sì tú àwọn èròjà kan jáde tó ń mú ìrora rọlẹ̀, èyí tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe. Èmi kò rí ìdí tí mo fi máa bá ẹnikẹ́ni jà lórí qi. Ohun tó kàn mí ni bóyá àbúrò mi sùn.

Báwo ni ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe rí?

Àárọ̀ kùtù la kúrò ní Kàbà, a gba ọ̀nà Ọ̀bàjánà láàárín àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì, a já sí Lọ́kọ́ja, a sì forí lé Àbújá. Dókítà náà, ọmọ Nàìjíríà tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Ṣáínà, kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè fún bíi wákàtí kan: oorun, ìgbẹ́, ìtọ̀, nǹkan oṣù, bóyá ara rẹ̀ máa ń gbóná lálẹ́. Wọ́n ní kó yọ ahọ́n. Wọ́n fi ìka mẹ́ta tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, wọ́n tún tẹ ti òsì, wọ́n dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láti ẹ̀yìn ògiri.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fọwọ́, wọ́n ya àwọn páálí abẹ́rẹ́ lójú wa. Ọ̀kan sí àtàrí. Ọ̀kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là. Ìsàlẹ̀ orúnkún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun, níbi tí wọ́n ń pè ní Zusanli. Òkè ọrùn ẹsẹ̀ láti inú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí ó fi di mẹ́rìnlá, wọ́n sì kọ mẹ́rìnlá sórí ìwé.

Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ tán, mẹ́tàlá ló wà nínú abọ́. Àbúrò mi ti ń na ọwọ́ sí aṣọ rẹ̀. Dókítà ní kó dúró. Wọ́n tún un kà, ó jẹ́ mẹ́tàlá. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sókè, èyí tó kú, wọ́n fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ibẹ̀, ìkẹrìnlá sì wà lẹ́yìn kókósẹ̀ náà, ó ń tàn wínríwínrí. Kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, bí kò ṣe mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ léèsì. Ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi balẹ̀ lórí dókítà yìí. Láti ìgbà náà, èmi fúnra mi ni mò ń kà á: iye tó wọlé àti iye tó jáde. Ẹ̀yin tí ẹ bá sin aláìsàn MS lọ, ẹ máa kà á.

Ṣé ó máa ń dùn?

Ó ń ta díẹ̀ bó bá ń wọlé, lẹ́yìn náà ibẹ̀ á wúwo, á sì máa ro wọ́rọ́wọ́rọ́. De qi ni wọ́n ń pe ìyẹn, wọ́n sì máa ń fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Nínú MS, iṣan lè fà lójijì nígbà tí abẹ́rẹ́ bá kàn án. Ẹ kéde fún dókítà ṣáájú, kó má baà fi abẹ́rẹ́ síbi tí ẹsẹ̀ bá gan tí yóò fi tẹ̀ nínú ẹran.

Ṣé ó lè wo MS sàn?

Kò lè wò ó. Kò sí ohun tó tíì wò ó sàn láyé, ti òyìnbó tàbí ti Ṣáínà tàbí tiwa. Abẹ́rẹ́ yìí kò sì lè dá àwọn ọmọ ogun ara dúró nídìí họhọ tí wọ́n ń họ. Ohun tó ń fà wọ́n sẹ́yìn ni àwọn oògùn ilé ìwòsàn. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi mẹ́ta sára ìwé oògùn kòṣeémánìí wọn fún MS: cladribine, glatiramer àti rituximab. Bí owó tó wà lọ́wọ́ yín bá jẹ́ ẹyọ kan, oògùn yìí ni kí ẹ ná an sí. Mo mọ̀ pé ó ń dun ni láti gbọ́, nítorí abẹ́rẹ́ rọrùn ún rí ju oògùn náà lọ.

Kí wá ni ó wúlò fún?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìwádìí sọ kí n tó sọ tiwa. Fún ìrora tó ti pẹ́ lára, bí ẹ̀yìn dídùn, ọrùn, orúnkún àti ẹ̀fọ́rí, wọ́n kó ìwádìí 29 pọ̀ ní 2012, èyí tí ènìyàn tó lé ní 17,000 kópa nínú wọn. Wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ gidi rí ìrọ̀rùn ju àwọn tí wọ́n gún ní ayédèrú lọ, àmọ́ ìyàtọ̀ àárín wọn kò pọ̀. Ayédèrú yẹn ń yani lẹ́nu: abẹ́rẹ́ kan wà tó ń sá padà sínú ìdí rẹ̀ bí ọ̀bẹ àwọn òṣèré, ara á rò pé ó ti wọlé. Àwọn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún pàápàá sọ pé ara tu àwọn.

Ti MS ní tirẹ̀, àwọn ìwádìí náà kéré, ènìyàn inú wọn kò pọ̀, àbájáde wọn kò sì bára mu. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ àti iṣan ní Amẹ́ríkà yẹ gbogbo rẹ̀ wò ní 2014, wọ́n ní ẹ̀rí kò tíì tó láti sọ pé ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́ fún MS. Ẹni tó bá sọ fún yín pé wọ́n ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó ń bu iyọ̀ sí i.

Ohun tí mo fi ojú ara mi rí ni oorun. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ àbúrò mi á gan lóru, á ji, á ké. Lẹ́yìn ọjọ́ abẹ́rẹ́, ó máa ń rí oorun sùn fún alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, àárẹ̀ rẹ̀ á sì fúyẹ́. Ṣé abẹ́rẹ́ náà ni, àbí bó ṣe dùbúlẹ̀ nínú yàrá tútù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹnì kan fi sùúrù fọwọ́ kàn án? N kò lè búra. Oorun náà jẹ́ oorun gidi, mo sì dúpẹ́ lórí rẹ̀.

Ìtọ̀ ló ń dà mí láàmú jù. Ṣé ó lè ràn mí lọ́wọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí, àwọn obìnrin máa ń fà mí sẹ́yìn ìsọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́. Kò yẹ kó tì yín lójú. Àrùn náà ló ń ba ìbáraẹnisọ̀rọ̀ àpò ìtọ̀ àti ọpọlọ jẹ́.

Ìtọ́jú kan wà tí àwọn dókítà ilé ìwòsàn fúnra wọn ń ṣe, tó fara mọ́ ibi tí àwọn ará Ṣáínà ń gún. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan sí òkè kókósẹ̀ láti inú, bí ìka mẹ́ta sókè, wọ́n á so iná díẹ̀ mọ́ ọn. Iná náà á gba iṣan kan lọ sókè síbi tí wọ́n ti ń darí àpò ìtọ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Fún ìtọ̀ kánjúkánjú, ẹ̀rí rẹ̀ dára ju ti abẹ́rẹ́ lásán lọ, wọ́n sì ti lò ó fún àwọn tó ní MS. Ẹ bi dókítà yín léèrè. Kí ẹ sì yẹ ìtọ̀ náà wò fún àkóràn, nítorí ibà inú ìtọ̀ nìkan lè mú kí gbogbo àmì MS le bí ẹni pé àrùn náà tún ti dìde.

Àgbo àti hóró àwọn ará Ṣáínà ńkọ́?

Ibí ni ẹ̀rù ti ń bà mí ju abẹ́rẹ́ lọ. Abẹ́rẹ́ á jáde lára. Ohun tí a gbé mì ti di tara.

N kò fi ojú tín-ín-rín wo ewé. Oògùn ibà tí gbogbo wa ń lò, tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "arte", láti ara ewé Ṣáínà kan ló ti wá. Tu Youyou tó ṣàwárí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Nínú MS pàápàá, hóró àkọ́kọ́ tí a ń gbé mì fún un, fingolimod, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2010, ọ̀dọ̀ olú kan tó ń hù lára kòkòrò ni àwọn onímọ̀ Jàpáánù ti rí ìpìlẹ̀ rẹ̀, olú náà sì jẹ́ ìbátan èyí tí àwọn ará Ṣáínà ń lò fún agbára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tó gbà: wọ́n yọ èròjà náà sọ́tọ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n dán an wò, wọ́n mọ ewu rẹ̀. Olú inú àpò lásán kọ́ ni dókítà ń kọ fún yín.

Ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin tó lé ní ọgọ́rùn-ún gbé àgbo Ṣáínà kan mì nítorí kí wọ́n lè fọn. Ewé kan tó ní aristolochic acid ti wọ inú rẹ̀, kíndìnrín wọn sì bàjẹ́. Ìtàkùn kan tún wà tí wọ́n ń lò fún àwọn àrùn tí ọmọ ogun ara ń fà, Tripterygium; ó lágbára lóòótọ́, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó lè ba àtiṣe ọmọ jẹ́ lára ọkùnrin àti obìnrin. Àwọn bíi astragalus àti ginseng, wọ́n ń polówó wọn pé wọ́n ń fún ọmọ ogun ara lágbára. Ẹ̀yin tí ọmọ ogun ara yín ń jà yín, ẹ wá ń fún wọn lóúnjẹ? Ginkgo sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà bí ẹ bá ń lo aspirin.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nìyí. Ẹnì kan tó ń ta hóró Ṣáínà wá sílé, ó ní kí àbúrò mi dá gbogbo oògùn òyìnbó dúró kí tòun lè ráyè ṣiṣẹ́. Ó dá a dúró, kò sọ fún mi. Baclofen wà lára wọn, èyí tó ń mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Kì í ṣe oògùn tí à ń já lójijì. Ní ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ gan bí igi, ó sì ń bá ìyá wa tó ti kú sọ̀rọ̀ ní igun yàrá. Mo gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru yẹn. Nígbà tí dókítà ní kí n mú ike hóró náà wá, kò sí nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, kò sì sí orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní èdè tí a lè kà. Wọ́n sọ fún mi pé wọ́n máa ń bá sítẹ́rọ́ìdì, oògùn líle tó ń yára mú wíwú inú ara rọlẹ̀, nínú irú hóró bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ìdí nìyẹn tí ara fi ń yá kíá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń mu, àgbo tiwa náà, dání lọ bá dókítà yín. Ẹ má fi ọ̀kan pamọ́.

Wọ́n ní kí oyin máa ta mí.

Ìwádìí kan ní Netherlands ní 2005 dán an wò lára àwọn tó ní MS. Kò ṣe wọ́n ní oore kankan. Ẹ fi oyin sílẹ̀.

Wọ́n ń jó ewé lórí ara, wọ́n sì ń fi ife fa ara. Ṣé ó dára?

Ife tó ń fa ara jọ ìwo tí àwọn wánzámù ń lò. Ewé jíjó ni moxa. Ẹni tó ní MS gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún moxa gan-an, nítorí ìdí méjì. Àkọ́kọ́, ibi tí ara ti kú kò ní mọ̀ pé iná ti ń jó o. Èkejì ni ooru fúnra rẹ̀. Dókítà ojú kan ní Jámánì, Uhthoff, kọ ọ́ ní 1890 pé ojú àwọn aláìsàn rẹ̀ ń ṣú bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ agbára; lẹ́yìn náà ni wọ́n wá mọ̀ pé ara tó ń gbóná ló ń fà á. Iṣan tí rọ́bà rẹ̀ ti họ kì í lè gbé iṣẹ́ nínú ooru. Bí ara bá tutù, á padà sípò. Àrùn náà kò le sí i, ṣùgbọ́n ọ̀sán yẹn ti lọ.

Ní ilẹ̀ wa níbí, ooru tóbi ju gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ lọ. Ní oṣù kẹta, tí iná kò sí, àbúrò mi lè rìn láti yàrá dé ìloro ní aago méje àárọ̀, kó má lè dìde lórí àga ní aago méjì ọ̀sán. Ẹ sọ fún oníabẹ́rẹ́ pé ẹ kò fẹ́ moxa, ẹ kò fẹ́ iná pupa tí wọ́n ń tàn sí ara. Onímọ̀ gidi kò ní bínú.

Kristẹni tàbí Mùsùlùmí ni mí. Ṣé ẹ̀sìn kò lòdì sí i?

Nínú gbogbo ìgbà tí mo ti jókòó síbẹ̀, n kò gbọ́ ọfọ̀, n kò rí ètùtù. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Bí èyí tí ẹ lọ bá bá yín sọ̀rọ̀ òrìṣà tàbí ó ní kí ẹ mú nǹkan wá, ẹ dìde. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ bi pásítọ̀ tàbí àlùfáà yín.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tí mo lè fi ara mi lé lọ́wọ́?

Ẹ bi í ibi tó ti kọ́ṣẹ́, kó sì fi ìwé rẹ̀ hàn yín. Kó fọ ọwọ́. Kó ya abẹ́rẹ́ tuntun lójú yín, kó sì jù ú sínú ike líle lẹ́yìn lílò. Kó bi yín nípa oògùn tí ẹ ń lò kó tó fọwọ́ kàn yín. Ẹni tó ní òun á wo MS sàn, ẹ má jókòó. Ẹ jẹun díẹ̀ kí ẹ tó lọ, nítorí ebi lè mú kí òòyì kọ́ yín. Bí wọ́n bá gún yín ní àyà, èjìká tàbí ẹ̀yìn, tí èémí yín sì ń kúrú lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré lọ lọ́jọ́ náà gan-an, abẹ́rẹ́ lè ti kan ẹ̀dọ̀fóró.

Ìgbà wo ni kí n má lọ?

Bí ibà bá ń ṣe yín. Bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àyàfi bí dókítà bá ní kò burú. Bí oyún bá wà, ẹ sọ fún wọn, nítorí wọ́n ní àwọn ojú ibi tí wọn kì í gún. Bí àmì tuntun bá yọ, tí ojú ṣú tàbí ẹsẹ̀ rọ tó ju wákàtí 24 lọ, ẹ má gba ọ̀nà oníabẹ́rẹ́ rárá. Dókítà ni, bóyá wọ́n á fún yín ní sítẹ́rọ́ìdì nínú omi tí wọ́n ń fà sí iṣan ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀nà jìn, owó kò sí. Ìgbà mélòó ni kí n lọ?

Wọ́n sábà máa ń ní lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Láti Kàbà tàbí Ẹ̀gbẹ̀, ìyẹn kò ṣeé ṣe, ìrìn náà nìkan sì lè jẹ ara tí abẹ́rẹ́ tún ṣe. A fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbé lọ́dọ̀ ìbátan wa kan ní Àbújá, a ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, a sì ti bá ara wa sọ ọ́ pé bí kò bá sí ìyàtọ̀ lẹ́yìn ẹ̀kẹfà, a máa padà sílé.

Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ìrètí máa ń tan ni jẹ. Inú ìwé tí àbúrò mi fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà ló ń kọ tirẹ̀ sí: ní òsì, àyà 40, ìbàdí 44, ní ọ̀tún, iye ìgbà tó jí lóru, iye ìgbà tó tọ̀, iye ìgbà tí ẹsẹ̀ gan. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó jí lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, lẹ́ẹ̀mejì. Ìtọ̀ kò yí padà. Ọwọ́ tó kú kò yí padà. Nísinsìnyí, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la ń lọ, nítorí oorun nìkan.

Kí ni mo lè ṣe nílé tí kò ní ná mi lówó?

Tai chi, eré ìdárayá àwọn ará Ṣáínà tí à ń rọra ṣe, dára fún ìdúró tí kò ta gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́. Ẹ ṣe é ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, pẹ̀lú àga nítòsí. Ẹ na ẹsẹ̀ tó gan, kí ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, láàárọ̀ àti lálẹ́. Kí ẹ sì rẹ aṣọ sínú omi àmù, kí ẹ fún un, kí ẹ gbé e lé ọrùn. Lọ́dọ̀ wa, òun ló ń ṣiṣẹ́ jù lọ.

Ṣé àbúrò yín ṣì ń ránṣọ?

Ó ń rán. Aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ ló máa ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, kó tó di pé oòrùn yọ, aṣọ tútù lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan ló ń ti òwú sójú abẹ́rẹ́ fún un. Ojú ló fi ń ṣọ́ ìka rẹ̀ báyìí, kì í gbójú kúrò lára rẹ̀ bí ẹ̀rọ bá ń lọ. Tó bá ti di aago mẹ́wàá, á pa ẹ̀rọ, á bo aṣọ mọ́lẹ̀, á sì wọlé lọ sùn.